Orí Ta Ni Àdánù Náà Já Lé?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ kíláàsì ètò ọrọ̀-ajé àti ìṣúná àgbáyé, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: bí owó ìlú kan bá já wálẹ̀, orí ta ni àdánù rẹ̀ já lé? Ọ̀pọ̀ wọn á dáhùn pé, "Nàìjíríà ni, sà." Èmi á ní Nàìjíríà kì í gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà Ìpàta, ènìyàn ló ń lọ. Ènìyàn wo? Ṣé alájàpá tó ra ọjà láwìn ni, àbí ẹni tó tà á fún un? Ṣé báńkì ni, àbí ẹni tó yá owó lọ́wọ́ báńkì? Ṣé òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ni, àbí ẹni tó ń gba owó ilé rẹ̀ ní dọ́là? Inú ìbéèrè yìí ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tí à ń kọ́ wọn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwé tí wọ́n ń kà kì í fi bẹ́ẹ̀ bi í tààrà.

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin, mo sì mọ ohun tó máa ń wà lọ́kàn òbí bí ọmọ rẹ̀ bá ní ẹ̀kọ́ yìí lòun fẹ́ kà. Ìyá kan bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé báńkì ni wọn yóò ti gbà á síṣẹ́, àbí yóò kàn máa ṣẹ́ dọ́là?" Mo ní, "Alhaja, báńkì lè gbà á, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á, ilé-iṣẹ́ ìjọba náà lè gbà á. Àmọ́ iṣẹ́ tó wá kọ́ gan-an ni bí èèyàn ṣe ń tọpa owó láti ìgbà tó bá ti kúrò ní ìlú kan títí tó fi dé òmíràn, kó sì mọ ẹni tó jèrè àti ẹni tó pàdánù lójú ọ̀nà." Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Oníṣòwò ni, ó ti rí irú rẹ̀ rí.

Mi ò mọ ìlú tó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ju Ìlọrin lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú yìí ni oríta láàárín ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ pẹ̀lú ẹṣin, kánún, awọ àti aṣọ ń dúró níbẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tó ń kó obì àti ọjà òyìnbó bọ̀ náà ń dúró níbẹ̀. Àwọn alágbàtà Ìlọrin ló wà láàárín wọn: wọ́n ń fún àlejò nílé, wọ́n ń bá a wá oníbàárà, wọn kì í sì í fẹ́ kí ará òkè kọjá lọ bá ará ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó ibodè àti èrè alágbàtà ló ń bọ́ apá ńlá nínú ìlú. Òpìtàn Ann O'Hear, tó ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí Ìlọrin, rí i gẹ́gẹ́ bí àwùjọ alágbàtà, ó sì tọpa bí ó ṣe gòkè àti bí ó ṣe wálẹ̀.

Bí ó ṣe wálẹ̀ ni mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú sí. Ní ọdún 1897, Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní 1908, ojú irin dé ibẹ̀, ní 1909 ó dé Jẹ́bà, kò sì pẹ́ sígbà náà tí Èkó àti Kánò fi di ọ̀nà kan. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó wà ní Kánò lè fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Ìlọrin. Ìwé á sọ fún yín pé bí owó ọkọ̀ bá dínkù, òwò á gbòòrò, àwùjọ á sì jèrè. Òótọ́ ni, bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. David Ricardo ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1817 pẹ̀lú aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọtí wáìnì ilẹ̀ Pọ́túgà: kódà bí Pọ́túgà bá lè ṣe méjèèjì pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó kéré, ó ṣì sàn kí kálukú gbájú mọ́ èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí wọ́n sì jọ pààrọ̀. Àlàyé yẹn dára, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yà á lórí ìwé kí ó má ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n kò sí alágbàtà nínú àpẹẹrẹ Ricardo. Ẹni tó jẹ́ pé dídúró tí ọjà dúró ni oúnjẹ rẹ̀, èrè gbogbo ayé ni àdánù tirẹ̀.

Ẹ wo owó ẹyọ náà. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ẹyọ kékeré tó ń dán ti ń wá, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè pọ̀ jù. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hamburg ní Jámánì rí irú ẹyọ mìíràn, èyí tó tóbi jù, tó sì wọ́pọ̀, ní etíkun Zanzibar. Wọ́n ń rà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa, wọ́n sì ń fi ra epo pupa. Bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ ni iye rẹ̀ ń já. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ní Èkó ti ná an tán kí ọjà tó wọ́n. Nígbà tó fi máa dé àárín ilẹ̀, ó ti di ẹrù tó wúwo ju ohun tó lè rà lọ. Ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó ẹyọ wọlé ní 1904, ìwọ̀n ìrànwọ́ tí ìyẹn sì lè ṣe fún ẹni tó ti kó ìfipamọ́ ayé rẹ̀ sínú ìkòkò kò tó nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lóye ìtàn yìí ti lóye ọ̀wọ́ngógó ọjà, ó sì ti lóye èrè tó wà fún ẹni tó ń ṣe owó jáde, kí ó tó ṣí ìwé Jhingan tí gbogbo fásitì wa mọ̀.

Èyí tí mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀ jù ni ti Ghana. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn: ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Ìgbẹ́tì, ará Ṣakí. Ẹlòmíràn nínú wọn, Ghana ni wọ́n bí i sí. J. S. Eades, tó kọ ìwé lórí àwọn tó ṣòwò ní apá àríwá Ghana, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe di ọjà mú ní Tamale àti àyíká rẹ̀: ẹ̀gbọ́n á pe àbúrò, ọmọ á bá àgbà kiri ọjà títí yóò fi ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́, òun náà á sì pe ẹlòmíràn láti ilé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí ló ní? Ó ní ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, ó sì ní sídì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àjèjì ló ń ta ọjà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iye ọjà já, ẹni tó ní owó tó sì ní ìwé ló rà á ní ọ̀pọ́kú. Onígbèsè mọ̀ pé ọjọ́ kù díẹ̀ kí olówó lọ, kí ló máa sá san án fún? Ní ti sídì, Ghana ti ní òfin tó ń ṣàkóso owó ilẹ̀ òkèèrè láti 1961, sídì kò sì níyì lẹ́yìn ẹnubodè. Ilẹ̀ tí wọ́n ń padà sí wà lójú ogun abẹ́lé, òun fúnra rẹ̀ sì ti pààrọ̀ owó bébà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1968. Ohun mẹ́ta tí ìwé ìṣúná ń fi orí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ́ni, ìyẹn ọjà tí kò ṣeé sọ dowó kíákíá, ẹni tó yáwó tí kò san, àti owó tí kò ṣeé pààrọ̀, ló já lé orí ènìyàn kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana jáde, àdánù kan náà ni wọ́n sì rù lọ. Mo máa ń sọ méjèèjì pa pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí kò yẹ ká rántí èyí tí wọ́n ṣe fún wa ká gbàgbé èyí tí a ṣe.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tó jẹ́ ará ìlú wọ̀nyí lọ bi àwọn àgbà ilé wọn. Kì í ṣe ìtàn lásán ni mo rán wọn lọ gbọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n bi wọ́n: kí lẹ gbé bọ̀? Kí lẹ fi sílẹ̀? Ta ló ṣì jẹ yín? Owó èsúsú ńkọ́, ẹ rí i gbà? Níbo lẹ ti rí owó tí ẹ fi tún bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn tí wọ́n ń mú bọ̀ sàn ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ní nínú ọ́fíìsì lọ.

Ìdí tí mo fi ń ṣe èyí ni pé mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún, ìdajì kíláàsì ni yóò fẹ́ kọ nípa bí yíyí iye náírà padà ṣe kan ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé Nàìjíríà. Wọn á lọ sórí ìwé ìṣirò ọdọọdún Báńkì Àpapọ̀, wọn á kó nọ́ńbà láti 1981, wọn á kó o sínú kọ̀ǹpútà, èsì á jáde. Kò sí ohun tó burú nínú nọ́ńbà o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nọ́ńbà wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ láti 1981, nítorí náà 1969 kò sí nínú wọn, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan, kò sí nínú wọn. Èyí tó tún burú jù ni pé ohun tí aṣọ́bodè kò kọ sílẹ̀ kò sí nínú wọn rárá. Iṣu tó ń gba ẹnubodè Chikanda kọjá kò sí níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Kwara bá ilẹ̀ Benin pààlà ní Baruten, Chikanda sì ni ẹnubodè tó wà níbẹ̀. Náírà àti CFA tí wọ́n ń ná ní Benin ni wọ́n jọ ń ná lọ́jà ibẹ̀, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lè bá ẹ ṣírò ọ̀kan sí èkejì láìlo ẹ̀rọ. CFA so mọ́ euro ní 655.957, kì í yẹ̀. Nígbà tí náírà já ní 2023 àti 2024, ẹni tó ní CFA lọ́wọ́ rí i pé iṣu àti àgbàdo wa ti dín owó gan-an lójú tirẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní iṣu tà rí oníbàárà tuntun. Olùkọ́ ilé-ìwé tó ń gbé Tankẹ ní Ìlọrin, tó ń fi owó-oṣù ra iṣu kan náà, òun ló san án. Odò náà máa ń ṣàn sẹ́yìn nígbà mìíràn: ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye CFA sí ìdajì sí owó ilẹ̀ Faransé ní òru ọjọ́ kan, àwọn ará Èjìgbò tó ń ṣòwò ní Abidjan, tí ilé wọn ń retí owó, sì rí i pé ohun tí wọ́n ti tò jọ ti dín ní ìdajì kí ilẹ̀ tó mọ́.

John Igué, onímọ̀ ará Benin, àti Bio Soulé ti ṣàlàyé ní 1992 bí ìlú kan ṣe lè sọ ara rẹ̀ di ilé ìkẹ́rùsí fún aládùúgbò tó tóbi jù ú lọ. Bí Nàìjíríà bá fi owó orí lé ìrẹsì tàbí tó fòfin dè é, ìrẹsì á gba Cotonou wọlé, á sì rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń ṣètò ìlànà ní Àbújá mọ èyí, síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2019 wọ́n ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 2020, Seme, Illela, Maigatari àti Mfum ni. Chikanda kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìlọrin lọ sí Baruten lọ ka àwọn obìnrin tó ní ìsọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, kó mọ iye tí wọ́n ń pa kí wọ́n tó tì í àti lẹ́yìn rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa fi tayọ̀tayọ̀ buwọ́ lù.

Ti 14 oṣù Kẹfà 2023 kò nílò àlàyé púpọ̀, gbogbo wa la rí i. Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà wá ìpele ara rẹ̀, dọ́là tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi ₦471 sì lé ní ₦660 lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tó máa di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó ilé-ìwé $10,000 fún ọmọ tó wà lókè òkun ti kúrò ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀, ó di mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ta ló ń rí dọ́là rà ní 471?" Ìbéèrè tó dára jù nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó nígboro, ó ti lé ní ₦700 kí oṣù Kẹfà tó dé. Nítorí náà ẹni tó ń rí ti 471 gbà, tó sì mọ ibi tí yóò tà á sí, ti ń jẹ ẹ̀bùn tí kò sí nínú ìwé ìṣúná ìjọba kankan, àwọn tó kù sì ti ń san án tipẹ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí iye méjèèjì di ọ̀kan. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé wọ́n ṣe é láìkọ́kọ́ ro ẹni tí ẹrù náà máa já lé lórí.

Ọ̀rọ̀ òrí náà wà nílẹ̀. Láti Kaiama dé Baruten, àwọn obìnrin ló ń jí ní ìdájí lọ ṣa èso tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Ní oṣù Kẹjọ 2025, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé ìjọba dá títa èso náà ní tútù sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà. Àlàyé ìjọba ni pé ọwọ́ wa ni èyí tó súnmọ́ ìdá 40 nínú 100 èso ayé ti ń jáde, síbẹ̀ owó tí à ń rí níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100. Mo fara mọ́ ọn pé kí a máa sọ ọ́ di òrí nílé kí a tó tà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilẹ̀kùn ìta kí ilé-iṣẹ́ tó pọ̀ tó nílé, oníbàárà á dínkù, iye èso á já, ẹni tó ń ṣa á ló sì máa kọ́kọ́ rí i. Ó dà bí owó orí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ obìnrin tó wà nínú igbó, tí wọ́n fi ran onílé-iṣẹ́ tó wà nígboro lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ló yẹ kó lè ya èyí sójú pátákó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún aṣòfin ní Yorùbá tó já gaara.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bọ̀, ẹ má fojú kéré ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ wa torí wọ́n ń sá fún un, wọ́n á sì bá a níwájú wọn láti ọdún kìíní. Ìwé ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde nílùú, tí à ń pè ní balance of payments, ẹ kọ́ ọ títí ẹ fi lè tò ó fúnra yín láìwo ìwé. Gbèsè tí Nàìjíríà yá ní 1978, bílíọ̀nù kan dọ́là, pẹ̀lú èlé tó ń gun òkè bí ti ayé bá ṣe gùn, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí gbèsè ìlú ṣe di òkè: ní 2005, nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 dọ́là la jẹ àwọn tó wà nínú Paris Club, a san bílíọ̀nù 12 kí wọ́n tó dárí 18 jì wá. Òwò, ìṣirò àti ìtàn ló jọ wà nínú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò kò ní rí ìtàn náà, ẹni tí kò bá mọ ìtàn ni yóò sì máa yọ̀ pé gbèsè ti tán.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìyí. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC, tó ń ṣàbójútó àwọn fásitì, gbé kalẹ̀, CCMAS tí fásitì wa gbogbo ti ń lò láti ọdún ẹ̀kọ́ 2023/2024, fi ìdá 70 nínú 100 sọ́wọ́ àjọ náà, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ fún fásitì kọ̀ọ̀kan láti kọ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti fi ìdá 30 yẹn tún ohun tó ti wà nínú 70 kọ. Fásitì tó bá wà ní Ìlọrin, àti ní Màlété náà, kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ wọn ní òwò ẹnubodè Baruten, ká fi kọ́ wọn ní ìtàn owó láti ẹyọ dé náírà, ká kó àwọn àgbà tó bọ̀ láti Ghana wá sínú kíláàsì nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, ká sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jẹ́ géńdé ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.